Ṣé òkè Ògìdì náà yọ iná rí, bíi ti Máàsì?

Ìyá Fèyí (Kàbà):

Ẹ ọ̀kún gbogbo ilé o. Ẹ má bínú tí ìbéèrè mi bá dà bíi ti ọmọdé, ọmọdé ló kúkú bi mí, èmi ni mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. A lọ kí bàbá ọkọ mi l'Ógìdì ní Sátidé tó kọjá, bí mọ́tò ṣe ń sún mọ́ ìlú tí àwọn àpáta yẹn yọ gàgàrà síta báyìí ni Fèyí na ọwọ́ ní fèrèsé, ó ní "Màámi, fọ́lkénò nìyẹn." Mo ní fọ́lkénò bawo, Kamẹrúùnù ni fọ́lkénò wà, a ò ní in nílé wa. Ó ní rárá o, tísà àwọn ti fi fótò kan hàn wọ́n ní kíláàsì, pé ọ̀kan wà ní Máàsì, pílánẹ́ẹ̀tì tó wà lójú ọ̀run lọ́hùn-ún, tó ga tó kìlómítà 22, pé òkè tó bá ti dá dúró bẹ́ẹ̀ tí orí ẹ̀ rí roboto, iná ló ti inú ẹ̀ jáde rí. JS 2 ni o, ẹnu ẹ̀ kì í sinmi.

Mo rò pé tá a bá délé bàbá á bá mi dá a lẹ́kun ni, àfi bí bàbá ṣe kín in lẹ́yìn! Wọ́n ní bàbá àwọn sọ fún àwọn pé láàárọ̀ kùtù, pàápàá tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, èéfín máa ń rú lórí òkè náà bí ìgbà téèyàn ń dáná níbẹ̀. Wọ́n tún wá fi òkúta dúdú kan tí wọ́n fi ń dá ilẹ̀kùn yàrá wọn dúró hàn wá, òkúta náà wúwo bí irin, wọ́n ní ojú ọ̀run ló ti já bọ́ sóko bàbá àwọn. Láti ọjọ́ yẹn ilé ò rójú. Fèyí ti kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ pé bàbá àgbà òun ní òkúta Máàsì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa òkúta, ẹ gbà mí. Ṣé òótọ́ ni òkè wa yọ iná rí? Báwo ni òkè kan ṣe máa ga tó kìlómítà 22? Ta ló sì débẹ̀ tó wá ń sọ pé ó ti pẹ́?

Ọmọ Yàgbà:

Ìbéèrè tèmi náà nìyẹn jàre. Kìlómítà 22 sókè, ta ló gùn ún, ta ló mú téèpù lọ́wọ́? Láti Kàbà dé Ìyàrà lásán báyìí awakọ̀ mẹ́ta á sọ iye kìlómítà mẹ́ta fún ẹ.

Afọ́kútà Ìsánlú:

Ìyá Fèyí, ẹ ọ̀kún mà, ẹ kú ọ̀nà Ògìdì. Jiọ́lọ́jì ni mo kà, mo sì ti ṣiṣẹ́ ní kúárì ọdún mẹ́fà, torí náà ẹ má jẹ́ kó sú yín tí mo bá sọ̀rọ̀ jù. Fèyí jẹ̀bi, àmọ́ ẹjọ́ ẹ̀ kì í ṣe ti aláìmọ̀kan rárá.

Àpáta Ògìdì, ti Mọ̀pà, ti ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ wa yìí, gíráńáìtì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Òkúta tó yọ́ bí epo ni gíráńáìtì náà tẹ́lẹ̀ rí, ibi tí Fèyí ti gbà á nìyẹn, ṣùgbọ́n kò rójú ayé kó tó dì. Abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, lábẹ́ ilẹ̀ tó nípọn ní ọ̀pọ̀ kìlómítà, ló wà tó ń tutù díẹ̀díẹ̀ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn. Ilẹ̀ tó bò ó ni òjò àti odò wá ń ha lọ, ń ha lọ, títí orí ẹ̀ fi yọ síta. Bí ẹrù ṣe kúrò lórí ẹ̀ ló ń ṣí ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà, òun ló fi rí roboto, kì í ṣe iná.

Tẹ́ ẹ bá padà lọ, ẹ mú Fèyí lọ síbi tí àwọn ìyá ti ń fọ́ òkúta, níbi tí wọ́n ti ń dáná lé àpáta lórí kó lè sán. Kó mú ọ̀kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, kó gbé e sínú oòrùn. Ó máa rí wóro funfun, wóro tó pọ́n díẹ̀, wóro tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, àti dúdú kan tó ń dán, tó jẹ́ pé èékánná lè ṣí i ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Wóro tó tóbi tí ojú lásán lè rí báyẹn, ó pẹ́ kó tó tutù ni, ó ráyè dàgbà. Èyí tó bá ti ẹnu ilẹ̀ tú jáde tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí, ojú ẹsẹ̀ ló ń dì, wóro ẹ̀ á kéré débi pé gbogbo ẹ̀ á kàn dúdú ṣíṣú ni, nígbà míì pẹ̀lú ihò tí gáàsì gbà jáde. Básálítì la ń pè é. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí irú ẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹ lọ sí Biu tàbí apá kan Jos, àwọn yẹn ní òkè tó yọ iná lóòótọ́. Èéfín tí bàbá wí, kùrukùru ni.

Ó wá ku ti Máàsì. Olympus Mons lorúkọ èyí tí tísà fi hàn wọ́n, òótọ́ ni, gíga ẹ̀ sún mọ́ kìlómítà 22, ẹsẹ̀ ẹ̀ sì fẹ̀ tó nǹkan bíi 600 kìlómítà. Kí ló gbé e ga bẹ́ẹ̀? Ẹ ronú ibi tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́. Tí ẹ̀gẹ́ bá ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ tẹ́nì kan ò sì fọwọ́ kan àpò tó tẹ́ sílẹ̀, ojú kan náà ni yóò máa ga sí. Tí ọmọ kékeré kan bá wá ń fa àpò náà díẹ̀díẹ̀ láti abẹ́ ẹ̀rọ, òkìtì kéékèèké lẹ máa rí, tí wọ́n tò tẹ̀ léra. Ilẹ̀ ayé tiwa ni àpò tí wọ́n ń fà yẹn, ilẹ̀ ń rìn lórí iná tó wà nísàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn erékùṣù Hawaii fi tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Máàsì, kò sẹ́ni tó ń fa àpò. Ojú kan ni lááfà, ìyẹn òkúta yíyọ́ tó tú síta, ti ń jáde fún àìmọye mílíọ̀nù ọdún. Agbára tí ilẹ̀ ibẹ̀ fi ń fa nǹkan mọ́ra ò sì ju nǹkan bíi ìpín 38 nínú 100 tiwa lọ, òkìtì lè ga kó tó wó.

Ẹ má rò pé ó rí ṣóńṣó bí ebè iṣu o. Lááfà ibẹ̀ ṣàn bí ògì tí kò kì, ògì kò ṣe é kó jọ, ọ̀kà ló ṣe é kó jọ. Torí náà ṣe ló tẹ́ lọ gbẹrẹgẹdẹ, tẹ́ ẹ bá dúró lórí ẹ̀ ẹ ò ní mọ̀ pé òkè lẹ wà, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ti kọjá ibi tí ojú yín lè rí. Àfi etí ẹ̀ lọ́hùn-ún tó já wálẹ̀ gẹ́rẹ́, níbòmíì ọ̀gbun yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 8. Ihò tó wà lórí ẹ̀ kì í ṣe ihò kan, mẹ́fà ni, wọ́n wọ inú ara wọn, gbogbo ẹ̀ pọ̀ gùn tó nǹkan bíi 80 kìlómítà. Ẹ gbé ẹnu kan sí Kàbà, ẹ gbé ìkejì sí Lọ́kọ́jà. Òkúta yíyọ́ tó wà lábẹ́ ló ṣàn jáde tán, òrùlé bá jìn sínú, ó tún kún, ó tún jìn.

Ọmọ Yàgbà, téèpù tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, iná lésà ni. Ọkọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Mars Global Surveyor, 1996 ni wọ́n rán an lọ, ó ń yí Máàsì po, ó ń ta iná sílẹ̀ ó ń ka àkókò tó fi padà bọ̀. Wọ́n ta á ní àìmọye ìgbà. Awakọ̀ mẹ́ta ò lè bá a jiyàn.

Ọmọ Yàgbà:

Ẹ̀gbọ́n mo gbà. Àmọ́ Kàbà sí Lọ́kọ́jà nínú ihò kan, pẹ̀lú bí ọ̀nà yẹn ṣe rí, tí wọ́n bá sọ fún mi pé inú ihò fọ́lkénò la ti ń wakọ̀ látọjọ́ yìí mi ò ní jiyàn.

Ìyá Fèyí (Kàbà):

Hahaha. Ẹ ṣeun gan-an sà. Mo ka gbogbo ẹ̀ sí Fèyí létí, ó dákẹ́ bí ìṣẹ́jú kan. Ó wá ní kí n bi yín pé Olympus yẹn ṣé òun ló pẹ́ jù, torí tísà kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù pé "òkè àtijọ́", ó sì lérò pé torí pé ó dàgbà ló ṣe ga jù. Mo ní ó bọ́gbọ́n mu, igi tó bá ga òun náà ló pẹ́.

Afọ́kútà Ìsánlú:

Hẹ̀ẹ́n, ibi tí mo fẹ́ dé gan-an nìyí, mi ò mọ̀ pé ọmọ ló máa mú mi débẹ̀. Òdìkejì ni o. Òkè tó ga yẹn ni àbúrò. Lóòótọ́ ìpìlẹ̀ ẹ̀ ti wà tipẹ́, ṣùgbọ́n lára lááfà tó wà nínú ihò orí ẹ̀ wà láàárín mílíọ̀nù 100 sí 200 ọdún péré. Ẹ rántí pé àpáta Ògìdì ti tó mílíọ̀nù 600. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n kí ara wọn, lááfà orí òkè Máàsì yẹn ló máa kúnlẹ̀ fún Ògìdì.

Àgbà gidi ní Máàsì, ẹ lọ wo fótò èyí tó ń jẹ́ Tyrrhenus Mons, ìsàlẹ̀ lápá gúúsù ló wà, kò jìnnà sí kòtò ńlá tí wọ́n ń pè ní Hellas. Ó lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ ọdún. Tẹ́ ẹ bá rí i ẹ ò ní dúró wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Gíga ẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà kan àbọ̀ lọ, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ara ẹ̀ ti ya, ojú àgbàrá ti gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ láti àárín lọ síta bí irin agboòrùn. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ wà ní kíláàsì ní ó dà bí ìgbẹ́ màlúù tí mọ́tò gùn mọ́lẹ̀. Kò purọ́.

Àmọ́ èmi, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, torí ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Eérú ló pọ̀ lára ẹ̀, kì í ṣe lááfà tó ṣàn bí ògì. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ti din àkàrà rí, tí ìkán omi kan bá ṣèèṣì bọ́ sínú epo gbígbóná, kí ló ń ṣẹlẹ̀? Epo á ta dé ojú èèyàn. Bó ṣe rí nìyẹn. Àwọn onímọ̀ gbà pé nígbà yẹn lọ́hùn-ún omi tàbí yìnyín wà nínú ilẹ̀ Máàsì, òkúta yíyọ́ tó ń bọ̀ lókè pàdé ẹ̀, omi di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ẹ̀ bú gbàù, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó sì rọ̀ sílẹ̀ bí eérú. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, eérú náà lè lọ jìnnà kó tó balẹ̀. Òkè tí wọ́n fi eérú mọ, báwo ni ò ṣe ní wó? Nígbà tó yá ni lááfà tó ṣàn tó tẹ̀ lé e láti orí ibẹ̀, ìyẹn la fi mọ̀ pé omi tó wà nísàlẹ̀ ti ń tán tàbí kò débẹ̀ mọ́.

Bá a ṣe mọ ọjọ́ orí ẹ̀ láìdébẹ̀: ẹ gbá àgbàlá yín láàárọ̀ kó mọ́ tónítóní, kí òjò wá bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó, tó. Ẹni tó bá wọlé tó rí ojú òjò márùn-ún nínú erùpẹ̀ á mọ̀ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá a ni. Tó bá rí igba, ó ti pẹ́. Òkúta tó ń já bọ́ láti òfuurufú ni òjò yẹn, lááfà tuntun tó bo ilẹ̀ ni ìgbálẹ̀. Èyí tí kòtò pọ̀ lára ẹ̀ ló pẹ́. Ó wá ku pé òjò yẹn ń rọ̀ tó báwo, ìyẹn la gbà lára òṣùpá, torí àwọn Amẹ́ríkà tó lọ síbẹ̀ láàárín 1969 sí 1972 kó òkúta bọ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n mọ ọjọ́ orí ẹ̀, wọ́n wá ka kòtò ibi tí wọ́n ti ṣà á. Láti òṣùpá ni wọ́n ti ṣírò ti Máàsì. Kì í ṣe kàlẹ́ńdà o, ó lè fi púpọ̀ yẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè pe bàbá ní ọmọ.

Tísà Ẹ̀gbẹ̀:

Ẹ ọ̀kún o ẹ̀yin ọmọ mi. Jọ́gíráfì ni mo fi 31 ọdún kọ́ àwọn ọmọ kí n tó fẹ̀yìn tì, inú mi dùn sí ohun tí mò ń kà yìí. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un kí Fèyí lè ní ohun tó máa fi bá tísà ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìgbà tí ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Mariner 9 dé Máàsì ní November 1971, ìjì erùpẹ̀ bo gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì náà, kò sí ohun tí wọ́n rí àfi àmì dúdú mẹ́rin. Wọ́n dúró. Bí ìjì ṣe ń rọlẹ̀ ni wọ́n rí i pé orí òkè ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ga ju ìjì náà lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọyẹ́, nígbà tí kùrukùru ọyẹ́ bá bo ìlú tó jẹ́ orí àpáta nìkan lẹ máa rí, ẹ ti mọ bó ṣe rí lójú wọn.

Èkejì, ọkọ̀ tí Afọ́kútà dárúkọ yẹn, Mars Global Surveyor, ẹ̀yà òkúta Nàìjíríà kan wà nínú ẹ̀ nígbà tó ń lọ! Ní ọjọ́ 3 oṣù October 1962 àgbẹ̀ kan wà lóko àgbàdo ẹ̀ ní Zagami, ní Kàtsínà, ó gbọ́ ìró kan bí àrá, nǹkan já bọ́ tì í, kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí i. Òkúta ni, ìwọ̀n kílò 18, kò tó ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì. Nígbà tó yá ni wọ́n mọ̀ pé Máàsì ló ti wá, torí gáàsì tó há sínú ẹ̀ bá ti afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ Viking wọ̀n níbẹ̀ ní 1976 mu. Básálítì sì ni, lááfà. Ẹ̀yà kékeré kan lára ẹ̀ ni wọ́n wá fi sínú ọkọ̀ yẹn padà lọ. Ẹni tó bá ní àwa ò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú fọ́lkénò Máàsì, ẹ fi èyí hàn án.

Mo tún fẹ́ràn ìtàn Spirit. Ọkọ̀ kékeré ni, kò ní dẹ́rẹ́bà, January 2004 ló balẹ̀. Ẹsẹ̀ kan nínú mẹ́fà rẹ̀ kú, wọ́n bá ń wa á ní rìfáàsì, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ tó kú yẹn nílẹ̀ bí ọmọ tó ń fa igi. Ẹsẹ̀ tó kú yẹn ló hú ilẹ̀ funfun kan síta ní 2007, silica, èròjà tó pọ̀ nínú yanrìn àti gíláàsì, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lábùlà, irú tí omi gbígbóná tàbí ooru fọ́lkénò máa ń fi sílẹ̀. Nítòsí ibẹ̀ náà, níbi tí wọ́n sọ ní Home Plate, wọ́n rí òkúta kan tí kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ, tó jábọ́ láti òkè sórí eérú fọ́lkénò nígbà tí eérú náà ṣì rọ̀. Ìpele eérú abẹ́ ẹ̀ tẹ̀ wọnú bí ìgbà téèyàn fi ìka tẹ iyán. Ó wà bẹ́ẹ̀ di òní. Mo ti wo fótò yẹn tó ogún ìgbà.

Gbogbo fọ́lkénò ọ̀hún ti kú tipẹ́ ṣá o, kí Fèyí má bẹ̀rù.

Afọ́kútà Ìsánlú:

Tísà, ẹ ṣeun sà, mo dọ̀bálẹ̀. Ti òkúta ẹyin ẹyẹlé yẹn, mo ti gbàgbé, ẹ jẹ́ kí n padà lọ wò ó.

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ sà, "ti kú" yẹn ni mi ò ní bá yín kọ ọwọ́ sí. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ilẹ̀ mímì wà níbẹ̀ láti 2018 títí di 2022, InSight lorúkọ ẹ̀, ó gbọ́ ọ̀pọ̀, èyí tó lágbára jù ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù May 2022. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n lè tọpa ẹ̀, agbègbè kan ló ti wá, Cerberus Fossae, ilẹ̀ tó là gbọọrọ gbọọrọ ni. Ní 2021 àwọn kan ti sọ pé eérú dúdú kan tó wà létí ọ̀kan nínú àwọn ìlà náà lè má ju nǹkan bíi 50,000 ọdún lọ. Ní ti òkúta, ìyẹn àárọ̀ yìí ni. Tyrrhenus ti kú, mo gbà. Àwọn kan nínú àwọn yòókù, ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n sùn.

Tísà Ẹ̀gbẹ̀:

Mo gba ìyẹn. Ní ìgbà tiwa ìwé sọ pé ó ti kú, a sì kọ́ yín bẹ́ẹ̀. Ẹ dárí jì wá.

Ìyá Fèyí (Kàbà):

Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, Ọlọ́run á máa fún yín lókun. Fèyí ti ya Tyrrhenus sínú ìwé ẹ̀, ó fi búlúù kun ibi tí omi wà nísàlẹ̀, ó ní ọ̀la lòun máa lọ bi tísà pé kí ló dé tí wọn ò fi fótò ìyẹn hàn wọ́n.

Ó ku ọ̀rọ̀ òkúta bàbá. Látìgbà tí mo ti ka ti Kàtsínà sí i létí ọmọ yìí ò jẹ́ kí n sùn mọ́, ó ní bóyá ti Ògìdì náà jọ já bọ́ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀gbọ́n Afọ́kútà, kí la lè fi mọ̀ ọ́n?

Afọ́kútà Ìsánlú:

Mi ò lè sọ láìrí i mà. Àmọ́ ẹ wo ara ẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé e lọ síbì kankan. Òkúta tó já bọ́ láti ọ̀run, àwọ̀ fẹ́lẹ́ dúdú kan sábà máa ń wà lára ẹ̀ bí èyí tí iná jó, inú ẹ̀ á sì kì pọ́pọ́, ó ṣọ̀wọ́n kó ní ihò. Tó bá wúwo, tó dúdú, tí ihò wá pọ̀ lára ẹ̀, ìdàrọ́ ni mo máa kọ́kọ́ fura sí, pàǹtí irin tí àwọn alágbẹ̀dẹ àtijọ́ ń dà nù. Àwọn bàbá wa yọ́ irin gan-an nílẹ̀ yìí, téèyàn bá ń kọbè nínú oko ó lè bá a pàdé.

Ìyá Fèyí (Kàbà):

Ẹ̀gbọ́n, àbúrò ọkọ mi tó wà l'Ógìdì ṣẹ̀ṣẹ̀ ya fótò ẹ̀ ránṣẹ́ ni. Ihò ló wà lára ẹ̀, bíi búrẹ́dì. Wọ́n ní bàbá ti nù ún mọ́, wọ́n ti fi aṣọ funfun tẹ́ abẹ́ ẹ̀, àwọn ará àdúgbò sì ń bọ̀ wá wò ó. Mo ti bẹ Fèyí pé kó má sọ ohunkóhun.